Òfin Kò Dúró De Òkú Mọ́
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà

Ẹ kì í ṣe òpè, n kò ní pẹ́ lórí ìtumọ̀ fífi ọmọ sínú ewu. Ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹni tí ọmọ wà níkàáwọ́ rẹ̀, tí ó ṣe ohun tí ó lè pa ọmọ náà lára, tàbí tí ó fi ohun tí ó yẹ kí ó ṣe sílẹ̀, ti fi ọmọ sínú ewu, yálà ọmọ ti fara pa tàbí kò tíì fara pa.

Ibi tí òfin àtijọ́ àti ti òde òní ti yàtọ̀ nìyẹn. Òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ àwọn òyìnbó ní kí olórí ilé pèsè ohun tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 nílò láti wà láàyè. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀mí tàbí ìlera ọmọ ni apá òfin náà fi ń bi olórí ilé ní ẹjọ́. Òfin kan náà gba òbí àti olùkọ́ láàyè láti na ọmọ, bí ẹgba kò bá ṣáà ti dá ọgbẹ́. Ní 1991 ni Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé. Ó di 2003, nígbà ìjọba Ọbásanjọ́, kí a tó sọ ọ́ di òfin àpapọ̀. Nítorí pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ gbà á wọlé fúnra rẹ̀, 2007 ni Ọ̀ṣun ṣe tirẹ̀.

Òfin àpapọ̀ yìí ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọmọ kiri ọjà ní ojú títì ńlá àti ọ̀nà márosẹ̀. Kò ní kí ọkọ̀ kọ́kọ́ gbá ọmọ náà ná.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Bọ́ọ̀sì dẹwọ́ eré níbi kòtò. Ọmọbìnrin kan sáré tẹ̀ lé e, ọwọ́ òsì di ọpọ́n ẹ̀pà mú lórí, ọwọ́ ọ̀tún na ẹ̀pà wọ ojú wíńdò. Èrò gba ẹ̀pà, ó ń wá owó nínú àpò, bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ tún tẹ iná. Ọmọ náà ń sá lọ, tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ló dé tí kò fi owó náà sílẹ̀? Nítorí pé wọn yóò ka owó nílé, bí kò bá sì pé, ẹjọ́ ń bẹ. Ìbẹ̀rù ilé ló lé e lọ síwájú tírélà. Ẹni tí ó rán an ni òfin ń bá wí.

Ó ti pẹ́ tí èmi àti àwọn ojúgbà mi kan ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní òfin òyìnbó ni, wọ́n ní ta ni kò kiri ọjà rí nínú wa. Èmi náà kiri. Mo ru ẹ̀kọ ìyá mi láti agbolé dé agbolé, kò sì sí agbolé tí wọn kì í ti bi mí pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Ojú gbogbo àgbà wà lára mi. Ta ni ń ṣọ́ ọmọ lójú márosẹ̀? Wọ́n tún ní òfin kò jẹ́ kí ọmọ bá òbí rẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka òfin kí ẹ tó bú u! Ó yọ̀ǹda iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ fún ẹbí, nínú ilé àti lóko. Kí ọmọ bá yín fọ́ kòkó, kí ó bá yín sá a, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Kí ẹ gbé ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fín kòkó kọ́ ọmọ ọdún 12 lẹ́yìn, ewu ni. Àwọn baba wa náà mọ̀ pé ẹni tí ó fa ewu ni ẹjọ́ kàn: bí omi gbígbóná bá dà sí ọmọ lára, ẹni tí ó gbé ìkòkò sójú ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè. Nítorí náà, n kò gbà pé àlejò ni òfin yìí láàárín wa.

Ọ̀rọ̀ iléèwé náà wà níbẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 2004 ní kí a kìlọ̀ fún òbí tí kò rán ọmọ lọ síléèwé. Bí ó bá tún ṣe é, ₦2,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Owó yẹn ti kéré jù báyìí, ó yẹ kí a tún un ṣe.

Òfin àpapọ̀ ti 2015 lórí ìwà ipá mú bàbá tí ó fi ọmọ sílẹ̀ láìsí oúnjẹ: ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 3 lọ, tàbí owó tí kò ju ₦500,000 lọ, tàbí méjèèjì. Ilà kíkọ fún ọmọdé náà ti di èèwọ̀ lábẹ́ òfin 2003.

N kò fẹ́ kí a kó àwọn ìyá aláìní dà sẹ́wọ̀n. Ohun tí mo ń bẹ ìjọba ìbílẹ̀ Orí-Adé fún ni pé kí wọ́n tẹ òfin 2007 ní èdè Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọjà àti ibùdókọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń wọ ọkọ̀ padà lónìí, ẹ má ra ohunkóhun lọ́wọ́ ọmọdé lójú ọ̀nà márosẹ̀.