Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọdé Kọ́ Ẹ̀rọ



Ìbéèrè tí àwọn òbí ń bi mí jù ni pé ọmọ ọdún mélòó ló lè bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọgbọ́n àtọwọ́dá, AI tí gbogbo ayé ń pariwo yìí. Lójú tèmi, lílò kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Kí ọmọ tó máa bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè, ó yẹ kí òun náà ti kọ́ ẹ̀rọ ní nǹkan rí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1967 ni Seymour Papert àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ṣe Logo, èdè kọ̀ǹpútà kan, kí ọmọdé lè máa pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Èyí tó tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ni Teachable Machine, tí Google gbé jáde ní 2017, níbi tí ọmọ ti lè fi àwòrán kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá nǹkan mọ̀. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àfi kí àgbàlagbà jókòó ti ọmọ.

Ẹ dán an wò báyìí: ẹ wá ọsàn tí èèpo rẹ̀ ti pọ́n, ẹ wá máńgòrò tí kò tíì pọ́n. Kí ọmọ gbé ọsàn síwájú kámẹ́rà, kó máa yí i síbí yí i sọ́hùn-ún bí ẹ̀rọ ti ń ya á. Kó ṣe máńgòrò náà bẹ́ẹ̀, kó sì sọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀rọ. Kò ní pẹ́ tí ẹ̀rọ á fi máa dá wọn mọ̀, àwọn ọmọ á sì pàtẹ́wọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ yọ ọsàn aláwọ̀ ewé jáde, irú èyí tó kún ọjà wa, tó sì dùn bí oyin. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ pè é ní máńgòrò. Ẹ tún bọ́ bàtà yín, ẹ gbé e sí i lójú: ọsàn tàbí máńgòrò ni yóò pè é, torí a ò fún un ní orúkọ kẹta.

Ẹ má sáré ṣàlàyé o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Ọ̀kan á ní ẹ̀rọ yìí ò gbọ́n, òmíràn á ní àwọ̀ ló ń wò. Ẹni tó sọ ti àwọ̀ ti débẹ̀. Kí wọ́n fi àwòrán ọsàn aláwọ̀ ewé kún àwòrán ọsàn ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tún un dán wò.

Irú àṣìṣe yìí ti bá àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ní 2018, àwọn olùwádìí méjì, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru, dán ẹ̀rọ mẹ́ta wò, tí wọ́n ń wojú ènìyàn láti sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Fún ọkùnrin tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́, àṣìṣe wọn ò ju 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Fún obìnrin tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú, àṣìṣe ọ̀kan lára wọn tó 34.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀, nínú àwòrán tí wọ́n sábà fi ń dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò, ojú tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ló pọ̀ jù. Ọmọ tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ti ọsàn kò ní nílò kí ẹ tún ìyẹn ṣàlàyé fún un.

Bí kò bá sí iná tàbí kọ̀ǹpútà, kí ọmọ kan ṣe bí ẹ̀rọ. Kí àwọn yòókù máa fi ewé hàn án, kí wọ́n máa sọ “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́,” títí yóò fi mọ ohun tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀. Ibi tí kámẹ́rà bá sì wà, èso àti ewé ni kí ẹ fi ṣe é, ẹ má fi ojú ọmọ ọlọ́mọ ṣe é.