Okùn ti dé èbúté: ta ni yóò bá wa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ìjòyè àti ọmọ ẹgbẹ́ ní Amoutivé

Àwa tí a ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni ẹgbẹ́ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. A ò ní pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ti ọmọdé tó ń fi fóònù ṣeré. Ẹni tó bá ń kó ẹrù gba èbúté Lomé mọ̀ pé inú kọ̀ǹpútà ni àwọn aṣọ́bodè ti ń wo ìwé ẹrù. Ní oṣù kẹrin 2020, nígbà àrùn kòrónà, orí fóònù ni ìjọba gbé owó Novissi gbà. Nọ́ńbà káàdì ìdìbò ni wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀; ẹni tí kò ní káàdì, owó náà ò kàn án. Ní oṣù kẹta 2022, okùn Equiano tí Google tẹ́ sí abẹ́ òkun láti Pọ́túgà lọ sí Gúúsù Áfíríkà gúnlẹ̀ sí Lomé wa níbí, kí ó tó dé ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn. Okùn ti dé. Ta ni yóò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀? Ṣé ọmọ wa á wà níbẹ̀, àbí ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á dúró sí?

Ọ̀pọ̀ òbí máa ń sọ pé, "Ẹ̀kọ́ yẹn ti gùn jù, Faransé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ." Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Lẹ́yìn BAC, ọdún méjì ni BTS. Ọdún mẹ́ta ni Licence. Ọmọ lè wà nílé, kí ó jẹun ìyá rẹ̀, kí ó sì kọ́ iṣẹ́.

Ẹ wo IAI, ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà jọ dá sílẹ̀ ní 1971, ní ìlú Fort-Lamy tí à ń pè ní N'Djamena lónìí. Libreville ni olú ilé rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n láti 2002 ó ti ní ẹ̀ka ní Lomé. Ìdíje ni wọ́n fi ń wọlé, ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ́ni. Àwọn kan ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Àwọn kan ń kọ́ bí a ṣe ń so kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ kan pọ̀, kí ó má bàjẹ́, kí olè má wọ ibẹ̀. Báǹkì ń wá irú èèyàn bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ń wá wọn, ìjọba náà ń wá wọn.

Ẹni tó bá ní òun ò lówó ẹ̀rọ, kí ó rántí WoeLab tí Sénamé Koffi Agbodjinou dá sílẹ̀ ní Lomé ní 2012. Ibẹ̀ ni Afate Gnikou ti kó àwókù kọ̀ǹpútà jọ, tó fi ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde bí ère. Ohun tí a dànù ni ó fi ṣe é.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìṣirò ni ìpìlẹ̀. Ẹ má sá fún un ní lísẹ́. Ẹ gbọ́ Faransé dáadáa, kí ẹ sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn, torí òun ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ ìwé iṣẹ́ yìí. Gbájúẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Òfin 2018 wà nílẹ̀ fún un, ẹ̀wọ̀n sì ni òpin rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó san owó ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, ẹ béèrè bóyá ìjọba mọ ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Pátákó ńlá kì í ṣe ìwé ẹ̀rí.

Ó wá ku ohun mẹ́ta tí a fẹ́ gbé sí iwájú ẹ̀yin ìjòyè.

Èkíní ni ìwé. Ọmọ tí a bí ní Lomé tí kò ní ìwé ìbí, ibo ló fẹ́ gbà ṣe ìdánwò? Ìdíje iṣẹ́ ìjọba sì ń béèrè ìwé pé èèyàn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Tógò. Ilé ẹjọ́ lè ṣe ìwé ìdájọ́ tó dípò ìwé ìbí. Kí ìjòyè kọ̀ọ̀kan ka àwọn ọmọ àdúgbò rẹ̀, kí a mọ ẹni tí kò ní, kí a sì bá wọn lọ. Ẹ má dúró di ọdún BAC.

Èkejì ni owó. Bí ilé 100 bá ń dá 500 sẹfà lóṣù, 50,000 ni lóṣù, 600,000 ni lọ́dún. Kí a kọ orúkọ ẹni tó san àti ẹni tó gbà, kí a máa kà á sétí gbogbo ẹgbẹ́. Kí ọmọbìnrin náà jẹ nínú rẹ̀. Kì í ṣe ọjà nìkan la bí wọn fún.

Ẹ̀kẹta, kí a lọ bá mẹ́ẹ̀rì Golfe 4, kí a bèèrè yàrá kan tí àwọn ọmọ gbogbo àdúgbò, tiwa àti ti àwọn onílé wa, á ti máa kọ́ṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó ń dìbò, tó ń san owó orí, lè bèèrè láìtijú.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèǹgbè. Àwọn ọmọ mọ kọ̀ǹpútà jù wá lọ, ṣùgbọ́n àwa la mọ ọ̀nà ọ́fíìsì. Ẹ jẹ́ kí á tó dìde níbí, kí a yan ẹni márùn-ún tí yóò bẹ̀rẹ̀ kíka ìwé ìbí náà.