Jìtá Tí Ó Dákẹ́ Kì Í Ṣe Igi Ìdáná

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìlọsíwájú ìlú wa)

  

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà, omi, ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ ni a máa ń gbọ́ ní ìpàdé yìí, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó rí. Èyí tí a gbé wá kéré lójú: ó dá lórí jìtá, àti bí a ti lè tún un ṣe, kí a sì mú un sunwọ̀n sí i, lórí tábìlì iṣẹ́ nínú ilé ẹni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá yọjú wo yàrá ìkẹ́rù ní ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́ wa yóò rí jìtá tí ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀, àti béèsì tí kò dún mọ́ nítorí wáyà kan ṣoṣo tí ó tú. Owó ni a fi rà wọ́n, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì jẹ́ owó tí ẹ̀yin ará òkè òkun fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá dákẹ́, a kì í wá ẹni tí yóò tún wọn ṣe. Òmíràn ni a ń tọrọ. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: kì í ṣe jìtá ni ó wọ́n láàárín wa, ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe ni ó wọ́n.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Òṣogbo kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Olóògbé Isaiah Kẹ́hìndé Dáíró, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí a bí sí Ọ̀fà ní ọdún 1930, gba oyè MBE láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1963 nítorí orin jùjú. Ẹ rántí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀: káfíńtà ni baba rẹ̀, baba náà ni ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìlù fún un nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 7. Ìlù yìí ni ó gbé dání nígbà tí ó ń bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Ní Òṣogbo ni a bí King Sunny Adé, ọmọ Oǹdó, sí ní 1946. Inú ẹgbẹ́ olórin Moses Ọláìyá, ọmọ Iléṣà tí gbogbo ènìyàn wá mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ orin, kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, Green Spots, sílẹ̀ ní 1967.

Ẹ wo bí jìtá pàápàá ti ń gòkè. Ní 1949 ni Àyìndé Bákàrè so agbóhùn mọ́ jìtá nínú orin jùjú, tí ohùn tí ìlù ti ń bò mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ fi wá ń ta yọ láàárín wọn. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Leo Fender, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ jìtá àti béèsì lónìí, atúnrédíòṣe ni ní ìlú Fullerton ní California kí ó tó máa ṣe jìtá. Ní 1951 ni ó gbé béèsì oníná rẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò mọ jìtá í ta. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé òun kì í ṣe olórin, nítorí náà iṣẹ́ yìí kò kan òun.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Ekínní ni ọrùn jìtá. Agbára tí okùn irin mẹ́fà fi ń fa ọrùn jìtá àpótí máa ń tó nǹkan bí 70 kg. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ 50 kg. Èyí ni pé jìtá tí a gbé kọ́ ògiri lásán ń fara da ohun tí ó ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ tọ̀sán-tòru. Ẹ wá fi ojú ọjọ́ wa kún un. Ní ìgbà òjò, igi a máa fa omi, a sì wú. Nígbà ọyẹ́, a gbẹ, a sì sún kì. Nígbà náà ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dábùú ọrùn yóò yọ ẹnu jáde ní ẹ̀gbẹ́, tí wọn yóò máa ha atajìtá lọ́wọ́. Èyí kì í ṣe àìsàn ikú. Fáìlì kékeré kan àti sùúrù ni oògùn rẹ̀.

Àwọn àgbà ní igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe ń yẹ ọrùn jìtá wò: a ó gbé e sókè bí ọdẹ tí ń fojú sun ìbọn, a ó sì wò ó láti òpin kan dé èkejì. Bí a bá tẹ okùn mọ́lẹ̀ lórí irin kìíní àti níbi tí ọrùn ti pàdé àpótí, àlàfo tí ó yẹ kí ó kù láàárín kò ju sísanra káàdì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pá irin kan wà nínú ọrùn ọ̀pọ̀ jìtá olókùn irin tí a lè fún láti tọ́ ọ. Ìdámẹ́rin ìyípo ni kí a yí i, kí a dúró, kí a tún wò ó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹni tí ó bá fi ipá kán ọ̀pá náà ti sọ iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá di iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Èkejì ni ibi tí okùn ń gbà kọjá lókè ọrùn. Ike ni ó sábà máa ń wà níbẹ̀ lára jìtá olówó pọ́ọ́kú. Ike a sì máa jẹ, okùn a sì máa dún gbì-gbì. Egungun màlúù tí àwọn alápatà ń dà nù sàn jù ú lọ. A ó sè é kí ọ̀rá rẹ̀ jáde, a ó sá a kí ó gbẹ, a ó fi ayùn gé e, a ó fi fáìlì la ọ̀nà fún okùn kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi sánpépà dán an. Egungun kan náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe jìtá olówó iyebíye ní òkè òkun ń lò.

Ẹ̀kẹta ni ìbárẹ́ ohùn. Ìdajì gígùn okùn ni irin kejìlá gbọ́dọ̀ wà: bí okùn bá gùn ní 25½ ínṣì, bí ti ọ̀pọ̀ jìtá Fender, irin kejìlá yóò wà ní 12¾, bí béèsì bá jẹ́ 34, yóò wà ní 17. Ẹ fi ìka kan okùn fẹ́rẹ́ lókè irin náà, kí ẹ ta á. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ tún ta á. Bí ohùn kejì bá ga ju ti ìṣáájú lọ, ẹ sún ìjókòó okùn sẹ́yìn. Bí ó bá relẹ̀, ẹ sún un síwájú. Ọmọ Yorùbá tí etí rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ̀ àti ọkọ́ kì yóò pẹ́ mọ iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀kẹrin ni iná. Agbóhùn inú jìtá oníná kò ju òòfà tí a fi wáyà tín-ínrín wé yíká lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà lọ, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ó bàjẹ́. Ohun tí ó sábà ń bàjẹ́ ni ihò tí wáyà ń wọ̀, kọ́kọ́rọ́ ohùn tí eruku ti kún, tàbí ibi tí òjé ti jábọ́. Àwọn atúnrédíòṣe wa ní Òṣogbo àti Iléṣà ti ní irinṣẹ́ tí wọn yóò fi ṣe èyí. Jìtá àpótí tí kò ní iná pẹ̀lú ṣe é gbé ga: abala irin róbótó pẹlẹbẹ tí ń ké nínú àwọn ohun ìṣeré ọmọdé, bí a bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ibi tí okùn jókòó lé, tí a sì so wáyà mọ́ ọn, yóò gbé ohùn lọ sínú ẹ̀rọ. Ọgbọ́n tí ó jọ ti 1949 náà ni. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra: kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ má ṣe tú ẹ̀rọ agbóhùnsókè, nítorí iná tí ó lè pa ènìyàn lè wà nípamọ́ nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri.

Ohun mẹ́ta ni a ń bẹ ẹgbẹ́ fún. Ekínní, yàrá kan ní gbọ̀ngàn ìlú, pẹ̀lú tábìlì iṣẹ́ tí kò mì. Èkejì, kí ẹ̀yin ará òkè òkun má ṣe fi jìtá nìkan ránṣẹ́ mọ́. Ẹ fi fáìlì, irin ọrùn jìtá, okùn àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹnì kan ni ń ta jìtá kan, ṣùgbọ́n fáìlì kan lè jí ọgọ́rùn-ún jìtá dìde. Ẹ̀kẹta, kí a mú ọ̀dọ́ kan láti ọ̀dọ̀ àwọn káfíńtà àti ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ àwọn atúnrédíòṣe, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, kí wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́ náà. Nítorí àárín igi àti iná ni jìtá oníná ń gbé. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá lè san owó àtúnṣe lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó san án díẹ̀díẹ̀. Ṣebí ọmọ Òṣómàáló ni wá. A mọ bí a ti ń dá ọjà àwìn, a sì mọ bí a ti ń gba owó rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe igi àti irin nìkan ni ó ń ṣòfò. Ọmọ tí ó ní irú ẹ̀bùn Dáíró lè wà láàárín wa lónìí, tí yóò gbé jìtá tí ọrùn rẹ̀ tẹ̀ lé itan, tí ìka rẹ̀ yóò máa bó, tí ohùn kò sì ní bára mu. Kò ní mọ̀ pé jìtá ni ó ń ṣàìsàn. Yóò rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n ta, yóò sì gbé e sílẹ̀ títí ayé. Ẹ jẹ́ kí a gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ là.

Kí Olódùmarè dá ìlú wa sí, kí ó má ṣe jẹ́ kí ohùn ayọ̀ tán láàárín wa.