Eré Orí Ẹ̀rọ àti Ìwà Ọmọ Wa
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Ogudu



Àwọn kan nínú wa ń tọrọ owó yíyá láti fi ṣí ṣọ́ọ̀bù géèmù. Àwọn mìíràn ní kí a má dá wọn lóhùn, nítorí géèmù ń ba ọmọ jẹ́. Kí a tó dájọ́, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí eré náà ń ṣe fún ojú àti ọkàn.

Ọ̀tayò tó ti pẹ́ nídìí ọpọ́n kì í ka ọmọ ayò lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Bó bá ti wo ihò, ó ti mọ iye tó wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ti kọ́ṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni géèmù ń kọ́ ojú. Ní 1984, Alexey Pajitnov ṣe eré Tetris ní Moscow, níbi tí a ti ń to bíríkì tó ń já bọ́ láti òkè. Ní 2000, Robert Stickgold àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn tó ṣe eré yìí ń rí bíríkì náà bí oorun ti ń gbé wọn lọ. Àwọn kan wà lára wọn tí àìsàn ti gba iyè wọn, tí wọn kò rántí eré náà mọ́, síbẹ̀ wọ́n rí i.

Ẹ̀kọ́ ojú yìí lè ṣe wá láǹfààní. Ní 2003, Green àti Bavelier rí i pé àwọn tó ṣe géèmù ogun ní wákàtí kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 10, ojú wọn túbọ̀ yá sí i.

Ṣùgbọ́n ó lè pa wá lára pẹ̀lú. Nínú géèmù, bí mọ́tò bá gbá ènìyàn, a ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ní títì Ogudu, kò sí àtúnbẹ̀rẹ̀. Láti 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń ka géèmù tó ti di bárakú mọ́ àìsàn. Kì í ṣe iye wákàtí ni wọ́n ń wò bí kò ṣe pé ẹni náà kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu, ó fi géèmù ṣáájú iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́, kò sì jáwọ́ bó tilẹ̀ ń pa á lára.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí a yá wọn lówó, ṣùgbọ́n pẹ̀lú àdéhùn mẹ́ta: ọmọ iléèwé kò gbọdọ̀ wọlé ní àkókò ẹ̀kọ́, a kò gbọdọ̀ ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀, kí ilẹ̀kùn sì tì ní agogo mẹ́jọ alẹ́. Ẹni tó bá rú u, kí ó dá owó ẹgbẹ́ padà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bá ọmọ dá wákàtí. Díẹ̀díẹ̀ ni àjẹṣẹ́kù wa fi ń pọ̀. Díẹ̀díẹ̀ náà ni àṣà fi ń wọ ọmọ lára. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.