Ọkọ Alásè, Aya Alásè

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí, ọ̀rọ̀ ilé ni, ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan nínú wa fẹ́ obìnrin tí ń se oúnjẹ ní káńtíìnì. Àwọn obìnrin wa kan sì wà tí ọkọ wọn jẹ́ kúùkù ní hòtẹ́ẹ̀lì. Àwa tí a ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ó ní adùn, ó sì ní ìkorò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti adùn. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Alásè mọ bí a ti ń fi owó kékeré bọ́ ilé. Ó mọ ẹ̀wà tí yóò tètè jinná, ó sì mọ èyí tí yóò jẹ gáàsì tán. Nígbà tí ata bá pọ̀ lọ́jà, yóò rà á, yóò lọ̀ ọ́, yóò sè é gbẹ kí ó lè pẹ́. Bí àlejò mẹ́wàá bá ya wọlé lójijì, ojú kì í ti onílé.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí gbogbo ayé ń sinmi ni alásè ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ Kérésìmesì, ní ọjọ́ Iléyá, ní ọjọ́ Sátidé tí àwọn ènìyàn ń ṣe ìgbéyàwó, hòtẹ́ẹ̀lì a kún, ilé tiwa a ṣófo. Awakọ̀ tí ó parí iṣẹ́ lálẹ́ yóò bá ìyàwó rẹ̀ lójú oorun, nítorí pé ní ìdájí ni obìnrin náà yóò dìde lọ dáná de àwọn ṣíìfù òwúrọ̀. Ọ̀kan ń bọ̀, èkejì ń lọ. Owó ilé ìwé ọmọ, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń sọ ọ́.

Àwọn ọkùnrin kan a jókòó, wọn a ní: “Alásè ni mo fẹ́, ebi kò gbọdọ̀ pa mí.” Ẹ gbọ́ o. Ta ni nínú àwọn mẹkáníìkì wa tí yóò dúpẹ́ bí a bá gbé mọ́tò mìíràn dè é nílé lẹ́yìn iṣẹ́? Ẹni tí ó ti dúró ti iná láti àárọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò fẹ́ rí ìkòkò mọ́. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ délé ni kí ó gbé omi ẹ̀bà kaná.

Ewu iṣẹ́ náà kò kéré. Òróró gbígbóná ń bẹ, ọ̀bẹ ń bẹ, ilẹ̀ yíyọ̀ ń bẹ. Bí iná bá jó wọn, ẹ má ṣe fi ẹyin tàbí epo pa á. Omi tútù tí ń ṣàn ni kí ẹ dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí ọsibítù. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ mọ̀ kí ọjọ́ 14 tó pé. Òfin ọdún 2010 tí ó wà fún owó ìtánràn òṣìṣẹ́ tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ni ó wí bẹ́ẹ̀. Agbanisíṣẹ́ pẹ̀lú ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ NSITF létí. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ní ti ìsinmi, Òfin Iṣẹ́ tí a ṣe ní ọdún 1974 ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Nínú ọjọ́ 7, ó gbọ́dọ̀ ní wákàtí 24 gbáko tí kì í ṣiṣẹ́.

Ǹjẹ́ àwọn tí ń se oúnjẹ fún àwa gan-an ń rí i gbà? Kọngílá ni ó gba àwọn ará káńtíìnì wa sí iṣẹ́. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá wọ ẹgbẹ́, wọn yóò lé àwọn. Òfin kan náà sọ pé kò sí àdéhùn iṣẹ́ tí ó lè ní kí òṣìṣẹ́ má wọ ẹgbẹ́. Láti ìgbà tí a ti tún àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tò ní ọdún 1978 ni àwọn ará hòtẹ́ẹ̀lì ti ní ẹgbẹ́ tiwọn.

Nítorí náà, a fẹ́ kí ẹ̀ka wa kọ ọ̀rọ̀ ìsinmi àwọn ará káńtíìnì sínú ìwé tí a ó gbé lọ bá mánéjà. Bí a bá dìbò lé e lórí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ nawọ́ sókè. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ẹ kò ní jẹun kí ẹ gbàgbé ẹni tí ó sè é.