Ẹ Wádìí Kí Ẹ Tó Ra Ilé

 

Ọ̀rọ̀ ilé rírà ni mo mú wá lónìí. Ọ̀nà ńlá tó ti Kútonu lọ sí Parakou gba Tchatchou, ìlú wa, kọjá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló fẹ́ ní ilé létí ọ̀nà náà. Ibi tí olùrà bá pọ̀ sí, oníjìbìtì kì í jìnnà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àgbẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ta iṣu, ó ta òwú, ó ta kajú. Ọdún méje ló fi tọ́jú owó. Ọkùnrin kan wá bá a, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ilé bàbá mi rèé, mo fẹ́ tà á. Ẹ tètè sanwó o, ẹlòmíràn ń bọ̀." Àgbẹ̀ wa wo ògiri, ògiri dára. Ó wo páànù, páànù tuntun ni. Ó sanwó. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, àbúrò olùtà dé láti ìdálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dé láti ilé ọkọ. Wọ́n ní: "Ta ló sọ fún yín pé a fẹ́ ta ilé bàbá wa?" Olùtà ti ná owó tán. Iṣẹ́ ọdún méje ti wọmi.

Kí ni àṣìṣe àgbẹ̀ yìí? Ó wo ilé, kò wádìí ilẹ̀. Ó mọ ẹni tó ń tà, kò mọ àwọn tó ni ín. Kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀ sí wa, ẹ jẹ́ ká ṣe nǹkan márùn-ún yìí.

Èkíní: Ẹ béèrè ẹni tó ni ilé. Ẹ bi olórí ìdílé, ẹ bi olórí abúlé, ẹ bi àwọn tí ilẹ̀ wọn bá ti ilé náà pààlà. Bí ilé bá jẹ́ ogún, kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Òfin ìdílé Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 2004 sọ pé bákan náà ni ìpín ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin nínú ogún. Ẹ má sọ pé ọmọbìnrin ti lọ sílé ọkọ. Kí ìdílé pàdé, kí wọ́n kọ ìpinnu wọn sílẹ̀, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i.

Èkejì: Ẹ wo igi tó wà lórí ilẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, ẹni tó yá ilẹ̀ kì í gbin igi sí i, torí igi ni ẹ̀rí ẹni tó ni ilẹ̀. Bí kajú bá wà lẹ́yìn ilé, ẹ béèrè: ta ló gbìn ín?

Ẹ̀kẹta: Ẹ wọn ilẹ̀ náà. Olùtà lè sọ pé ó fẹ̀ ní mítà 20, ó gùn ní mítà 25. Ìṣirò tí a kọ́ wúlò níbí: 20 lọ́nà 25 jẹ́ 500. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 20 péré, 400 ni yóò jẹ́. 100 ti dín níbẹ̀, owó yín sì ni.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ béèrè ìwé. Òfin ilẹ̀ wa jáde ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2017. Ìwé tó lágbára jù ni titre foncier. Bí olùtà bá ní in, ọ̀dọ̀ notaire, ìyẹn akọ̀wé òfin, ni ẹ ó ti ṣe ìwé títà. Bí kò bá ní in, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ lọ sí mairie ní Tchaourou, kí ẹ sì béèrè lọ́dọ̀ ANDF, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ilẹ̀. Ẹ bi wọ́n: ṣé ẹjọ́ kò sí lórí ilẹ̀ yìí? Ṣé kì í ṣe ilẹ̀ ìjọba? Ìwé wo ló yẹ kí n gbà?

Ìwé wọ̀nyí, èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ wọ́n. Bí ẹ kò bá gbọ́ Faransé, ẹ mú ẹni tí ẹ fọkàn tán dání, kó kà á fún yín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí olùtà mú wá o! Ẹ má tẹ̀ka sórí ìwé tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún: Owó ló kẹ́yìn. Ẹ san án níwájú ẹlẹ́rìí tiyín àti ẹlẹ́rìí tiwọn, kí ẹ sì gba ìwé owó. Ẹ má kó gbogbo owó yín lé ilé nìkan, torí awọnlẹ̀ yóò gba owó, notaire náà yóò gbà.

Bí olùtà bá ní òun ò lè dúró kí ẹ wádìí, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ilé mìíràn wà. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fara balẹ̀ á rí ìfun èèrà. 

Ìbéèrè
1. Kí nìdí tí àbúrò àti ẹ̀gbọ́n olùtà kò fi gbà kí àgbẹ̀ náà gba ilé?
2. Ilẹ̀ kan fẹ̀ ní mítà 15, ó gùn ní mítà 30. Mélòó ni gbogbo rẹ̀?
3. Ta ni ẹ ó mú dání tí ẹ bá fẹ́ lọ fọwọ́ sí ìwé?