Ẹ Wọn Kẹ̀kẹ́ Kí Ẹ Tó Gbé E Kọ́ Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń de hitch mọ́ ọkọ̀, bá ẹ̀ka Maryland sọ níbi ìpàdé ìdílé.

Mo kí ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún tí ẹ ń wo fóònù. Ọ̀rọ̀ tiyín gan-an la fẹ́ sọ.

Akọ̀wé ní kí n fi ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ṣàlàyé bí a ó ṣe gbé kẹ̀kẹ́ dé ibi ìnàjú ẹgbẹ́ nígbà ooru yìí. Kẹ̀kẹ́ tí mo ń wí kì í ṣe Márúwá o. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí à ń fi ẹsẹ̀ wà ni. Ibi tí ìgbìmọ̀ yàn ni ọ̀nà W&OD ní Virginia. Ojú irin rélùwéè àtijọ́ ni. Wọ́n ti ká irin kúrò níbẹ̀, wọ́n da ọ̀dà sí i, ó sì gùn tó máìlì 45 láti Shirlington títí dé Purcellville. Mọ́tò kì í rìn lórí ẹ̀. Ibi tó bá ti dábùú títì nìkan ni kí ọmọdé ti sọ̀ kalẹ̀ kó wo ọ̀tún wo òsì. Mo fara mọ́ ohun tí ìgbìmọ̀ rò, nítorí orí àga inú gbọ̀ngàn nìkan ni àwọn ọmọ wa ti ń rí ara wọn. Wọ́n á kí wa, wọ́n á jẹ ráìsì, ó parí. Ọmọ tí ẹ bá jọ gun kẹ̀kẹ́ máìlì márùn-ún, ẹ ò ní gbàgbé orúkọ ara yín bọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ká tó dé Virginia láti ọ̀dọ̀ wa níbí, a ó gba Beltway, a ó gba afárá American Legion kọjá odò Potomac. Gbogbo wa la mọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré níbẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ kan bá já bọ́ lórí afárá yẹn, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò níbi tó máa yà sí. Kì í ṣe pé kẹ̀kẹ́ bàjẹ́ ni mo ń bá yín sọ, ẹ̀mí ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí ni.

Mo ti rí i lójú ara mi pé wọ́n ṣí búùtù sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ méjì yọ ẹsẹ̀ síta, okùn tí à ń sá aṣọ sí ni wọ́n fi so búùtù mọ́lẹ̀. Mo mọ ibi tí a ti kọ́ ọ. Nílé, rọ́bà táyà tí wọ́n là gbọọrọ ni à ń fi di ẹrù, ó sì ń gbé e délé. Ẹni tó bá wọ bọlẹ̀kájà rí á rántí ohun tí wọ́n ń dì sórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n eré tí bọlẹ̀kájà ń sá lójú ọ̀nà eléruku, kì í ṣe eré I-495. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í rò: bí búùtù bá ṣí sílẹ̀, èéfín sálẹ́ńsà lè fà wọlé bá àwọn ọmọ tó jókòó lẹ́yìn. Májèlé tó wà nínú èéfín yẹn ò ní òórùn tí wọ́n máa fi mọ̀ pé ó ń pa wọ́n lára. Ẹ jọ̀ọ́, búùtù ṣíṣí ti tán láàárín wa.

Ohun tó dára jù fún ìdílé ni ráàkì tó ń wọ inú hitch. Hitch ni irin oníhò onígun mẹ́rin tí à ń fi bóòtù de mọ́ egungun ọkọ̀ lábẹ́ bọ́ńpà ẹ̀yìn. A kì í dè é mọ́ bọ́ńpà fúnra ẹ̀. Bọ́ńpà òde òní, ike ni. Ihò méjì ló wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ àwa èèyàn: ti ínṣì 1¼ àti ti ínṣì 2. Ọkọ̀ kékeré bíi Corolla àti Camry, ti ínṣì 1¼ ni wọ́n sábà máa ń dè mọ́ ọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Class I. Sienna, Highlander àtàwọn ẹgbẹ́ wọn máa ń gba ti ínṣì 2, Class III.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fún mi létí dáadáa. Tí èèyàn bá dé ìsọ̀ wa, ohun tó máa ń bi wá ni pé, “Kẹ̀kẹ́ mélòó ni ráàkì yìí ń gbé?” A ní mẹ́rin. Ó ní ọmọ òun méjì, òun àtìyàwó, ó pé mẹ́rin, ẹ bá mi dì í. Iye kẹ̀kẹ́ ló kà, kò ka ìwọ̀n. Class I, pọ́n-ùn 200 ni ìwúwo tó lè jókòó lórí ẹ̀. Nínú 200 yẹn, ráàkì fúnra ẹ̀ wà níbẹ̀!

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ pa pọ̀. Ká ní kẹ̀kẹ́ bàbá jẹ́ pọ́n-ùn 33, ti ìyá 35, ti ọmọ ọdún mẹ́wàá 27, ti àbúrò ẹ̀ 22. Ẹ ro ó pọ̀: 117. Ẹ ẹ̀ẹ́ ní kò burú, 117 kéré sí 200. Ráàkì olójú pẹrẹsẹ tó ń gbé kẹ̀kẹ́ mẹ́rin ńkọ́? Ká ní tirẹ̀ jẹ́ 88, bẹ́ẹ̀ èyí tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ lọ́jà. Ó di 205. Ó ti kọjá o, a ò tíì de bẹ́líìtì kan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ráàkì ẹlẹ́ni mẹ́rin fi jẹ́ pé ihò ínṣì 2 nìkan ni àwọn tó ṣe é gbà kí a kì í bọ̀.

Kò nílò kí ẹ ra ohun èlò kankan kí ẹ tó wọn kẹ̀kẹ́. Ẹ gun orí òṣùwọ̀n inú bálùwẹ̀, ẹ wo iye tó pè. Ẹ tún gbé kẹ̀kẹ́ dání, ẹ gun un padà. Ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò, ó ti tán. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bá yín kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á gbádùn ẹ̀.

Àwọn iye mẹ́ta ló sì wà o. Hitch ní tirẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára ẹ̀. Ráàkì ní tirẹ̀, fún gbogbo ẹrù àti fún kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá náà ní tirẹ̀. Ìwé ọkọ̀ mìíràn tiẹ̀ sọ pé kí a má so nǹkan kan mọ́ ẹ̀yìn òun rárá. Èyí tó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọ̀gá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Class III pọ́n-ùn 500 dán yín wò nígbà tí ìwé ọkọ̀ yín ń sọ 350.

Ìwọ̀n nìkan kọ́, bí ẹrù ṣe jìnnà sí ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ gbé korobá omi mọ́ àyà, ẹ rìn, kò le. Ẹ wá na ọwọ́ gbọọrọ síwájú pẹ̀lú korobá kan náà, kí ẹ wo bí apá yín á ṣe máa gbọ̀n. Kẹ̀kẹ́ kẹrin, èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá, korobá ọwọ́ nínà ni. Ìdí nìyí tí mi ò fi nífẹ̀ẹ́ irin ìfàgùn tí àwọn èèyàn ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi sọ ínṣì 1¼ di ínṣì 2. Ihò yẹn lè tóbi, agbára ò tóbi pẹ̀lú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ irin ìfàgùn ni wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ìdajì ni kí ẹ máa ká agbára hitch sí tí ẹ bá lò ó.

Ó wá kan irú ráàkì. Oríṣi méjì ni mo máa sọ̀rọ̀ lé. Èyí tó dín owó ni èyí tó ní apá méjì tí à ń gbé kẹ̀kẹ́ kọ́, bí ẹni gbé aṣọ kọ́. Ó fúyẹ́. Ìṣòro ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ọmọdé àti kẹ̀kẹ́ obìnrin. Kẹ̀kẹ́ ọmọdé kéré débi pé àyè ò sí láàárín irin ẹ̀ tí apá ráàkì máa gbà wọlé. Kẹ̀kẹ́ obìnrin, irin òkè ò sí níbẹ̀, tàbí kó dagun wálẹ̀. Irin kan wà tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, ẹ ó fi so ọrùn ìjókòó mọ́ ọrùn ọwọ́ kẹ̀kẹ́, yóò dà bí irin òkè. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i. Ẹ má fi gbé kẹ̀kẹ́ oníbátìrì láéláé.

Oríṣi kejì ni olójú pẹrẹsẹ. Táyà méjèèjì dúró nínú àwo tirẹ̀, ìkọ́ kan wá di táyà iwájú mú láti òkè. Kò kan irin ara kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ ọmọdé àti ti obìnrin ò yọ ọ́ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n léèrè ìwọ̀n táyà tó kéré jù tó ń gbà. Táyà ínṣì 16 ti ọmọ ọdún márùn-ún lè má dúró nínú gbogbo wọn. Èmi, tí owó bá wà, olójú pẹrẹsẹ ni mo máa ní kí ẹlọ́mọ kéékèèké rà. Tí kò bá sí, alápá méjì tí a so dáadáa sàn ju olójú pẹrẹsẹ tí ọkọ̀ ò lè gbé lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn bàbá wa kan ti ń gun kẹ̀kẹ́ oníbátìrì báyìí. Ẹ kú afẹ́ o! Òmíràn wọn pọ́n-ùn 60 tàbí 70. Ẹ yọ bátìrì ẹ̀ sínú ọkọ̀, kó lè fúyẹ́, kí òjò má sì pa á. Ẹ rí i pé ráàkì yín gba ìwọ̀n náà fún kẹ̀kẹ́ kan.

Ká wá sọ ti dídì. Èyí tó wúwo jù ló ń súnmọ́ ọkọ̀, ti ọmọ kékeré ló ń wà lẹ́yìn. Ẹ kọ orí wọn sí ọ̀tún, sí òsì, kí ọwọ́ èyí má baà gún ìjókòó ìyẹn. Ẹ yọ ìgò omi, páńpù, àpò àti ìjókòó ọmọ ọwọ́ sínú ọkọ̀. Ẹ má da tapólì bò ó, atẹ́gùn á sọ ọ́ di ìgbòkun. Ẹ wo sálẹ́ńsà: táyà tó bá dojú kọ ọ́ lè yọ́ kó tó dé ibi tí ẹ ń lọ. Píìnì tó gba àárín hitch kọjá, ẹ fi ojú rí i, ẹ fi ọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ di ráàkì mú, ẹ mì í gidi. Tí ráàkì bá ń mì tí ọkọ̀ ò mì, kò tíì le. Ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ló yẹ kó máa mì pẹ̀lú ẹ̀. Bí ẹ bá ti rin bíi máìlì mẹ́wàá, ẹ yà síbi ìdúró, ẹ tún un wò. Bẹ́líìtì máa ń tú díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìmìtìtì àkọ́kọ́.

Ẹni tó bá ra ráàkì àlòkù lórí Facebook, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn máa ń jẹ bẹ́líìtì rọ́bà. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Tó bá ti sán, ẹ ra tuntun. Kò wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Òfin Maryland ní kí nọ́ńbà ẹ̀yìn ọkọ̀ hàn gbangba kó sì ṣeé kà. Ráàkì mìíràn bò ó pátápátá, pàápàá tí ẹ bá ká a sókè nígbà tí kò sí kẹ̀kẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ yọ ọ́ sílé tí ẹ ò bá lò ó. Ẹ ó tún dín epo kù, ẹ ò sì ní máa ṣẹ́ ojúgun aládùúgbò yín. Kí iná bíréèkì àti tírafíkétọ̀ náà hàn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú Ọba, torí mo mọ̀ pé akọ̀wé á gbé èyí dé WhatsApp yín, tiyín tún le díẹ̀: bí ráàkì bá bo nọ́ńbà àti iná, dandan ni kí ẹ gbé nọ́ńbà mìíràn àti pátákó iná kọ́ ẹ̀yìn ẹ̀. Ìtanràn nọ́ńbà tí kò hàn lè dé £1,000 lọ́dọ̀ yín.

Ní wíwakọ̀, ẹ rántí pé ọkọ̀ ti gùn sí i ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Tí ẹ bá ń lọ sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀ kó máa darí yín, torí kámẹ́rà ò ní rí nǹkan míì ju kẹ̀kẹ́ lọ. Àwọn ọkọ̀ tuntun mìíràn á tiẹ̀ máa pariwo, wọ́n á tẹ bíréèkì fúnra wọn, wọ́n rò pé ẹ fẹ́ kọlu nǹkan. Ẹ má sì gbé ráàkì wọ ibi tí ẹ̀rọ ti ń fọ ọkọ̀.

Ó kù kan. Mo ṣàkíyèsí pé àwọn tó ní Camry àti Corolla ló pọ̀ jù láàárín wa, àwọn náà sì ni ọmọ wọn pọ̀. A ò gbọdọ̀ torí ẹ̀ fi ọmọ kankan sílẹ̀ kó máa wo ẹgbẹ́ ẹ̀. Mo ti bá ìgbìmọ̀ sọ ọ́: ẹni tó bá ní hitch ínṣì 2, kó fún akọ̀wé ní orúkọ lónìí, kó sọ iye kẹ̀kẹ́ tó lè fi kún tirẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ ẹ̀ ò lè gbé e, kó wọn kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ ẹ̀, kó kọ ìwọ̀n àti gíga táyà ránṣẹ́ sórí WhatsApp. A ó pín in bí ìdílé ṣe súnmọ́ ara wọn ládùúgbò, kí kẹ̀kẹ́ lè dé ilé ẹni tó máa gbé e ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ọkọ̀ mi wà níta, ráàkì méjèèjì wà nínú ẹ̀. Bí a bá ti jẹun tán, ẹ bọ́ síta ká jọ dì í wò. Ẹ mú ìwé ọkọ̀ yín dání; inú pígíọ́n iwájú ló máa ń wà, lábẹ́ àwọn rìsíìtì wọ̀nyẹn.